Bí Eléré Ọ̀nà Jíjìn Ṣe Lè Jẹ Oúnjẹ Àwọn Baba Ńlá ní Ẹ̀pẹ́

Àwọn tó ń sáré ọ̀nà jíjìn ń pọ̀ sí i ní Ẹ̀pẹ́. Ní ìdájí, ẹ óò rí wọn lójú ọ̀nà Pòka, ẹ óò rí wọn ní Odò-Nọ́fọ̀rìjà, àwọn mìíràn á sì ti gun kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde lọ kí oòrùn tó mú. Púpọ̀ nínú wọn ló ń múra de Lagos City Marathon, ìje kìlómítà 42.195 tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, tí wọ́n máa ń sá ní oṣù Èrèlé láti pápá ìṣeré Sùúrùlérè títí dé Eko Atlantic. Púpọ̀ nínú wọn náà ló ti gbọ́ nípa ọ̀nà ìjẹun tí wọ́n ń pè ní oúnjẹ àwọn baba ńlá: ẹran, ẹja, ẹyin, ẹ̀fọ́ àti èso ni kí á jẹ, kí á fi ìrẹsì, búrẹ́dì, ẹ̀wà, wàrà, ṣúgà àti oúnjẹ inú agolo sílẹ̀.

Ìlànà náà dára. Ẹni tó bá jáwọ́ nínú Indomie, búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tó padà sórí ẹja, ẹ̀fọ́ àti èso, ara rẹ̀ á mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn kan ti yí i padà di oúnjẹ ẹran àti ọ̀rá nìkan. Wọ́n á ní isu burú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ burú, ohunkóhun tó bá ti jẹ́ afáralókun (carbohydrate, oúnjẹ tí ara ń sọ di ṣúgà) burú. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì láti àárọ̀ dalẹ́ lè máa jẹ bẹ́ẹ̀ kó má mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó fẹ́ sá kìlómítà 30 lọ́jọ́ Sátidé kò lè jẹ bẹ́ẹ̀ kí eré rẹ̀ má bà jẹ́. Bí a ṣe lè di ìlànà náà mú láìfi ebi pa iṣan ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níhìn-ín.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ìdí tí isu kò fi gbọdọ̀ kúrò lórí àwo

Ibi méjì ni ara máa ń tọ́jú ṣúgà pamọ́ sí, inú iṣan àti inú ẹ̀dọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ lára àgbàlagbà máa ń wà láàárín gíráàmù 400 sí 600. Tí ẹ bá ń sáré kíkankíkan, ìyẹn lè gbé yín fún nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹsẹ̀ á wúwo, orí á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa yí, ẹni tó ń sá lọ geerege á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọ̀rá wà lára gbogbo wa, ara sì ń lò ó, ṣùgbọ́n oxygen tó ń gbà láti jó ọ̀rá pọ̀ ju èyí tó ń gbà láti jó ṣúgà lọ. Ní Ọsirélíà, Louise Burke, onímọ̀ nípa oúnjẹ eléré, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán èyí wò lára àwọn ògbóǹtarìgì tó ń fi ẹsẹ̀ rin ìje, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn kan ń jẹ ọ̀rá púpọ̀, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ afáralókun rárá. Ara wọn kọ́ bí a ti ń jó ọ̀rá lóòótọ́, síbẹ̀ oxygen tí wọ́n ń lò pọ̀ sí i, ìje kìlómítà 10 wọn kò sì yá sí i. Àwọn tó ń jẹ afáralókun ni ìje tiwọn yá sí i.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba ńlá fúnra wọn kò sá fún afáralókun. Ẹ wo àwọn Hadza ní Tànsáníà, tí àwọn kan nínú wọn ṣì ń dẹ igbó bíi ti àtijọ́: gbòǹgbò tí wọ́n ń wú nínú ilẹ̀, èso igi àti oyin wà lára olú oúnjẹ wọn. Ní tiwa, isu ni. Ìwádìí kan tó jáde ní 2019 fi hàn pé agbègbè odò Ọya níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ isu igbó di isu oko. Isu ti wà níbí kí àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ànàmọ́ àti ata tó ti Amẹ́ríkà wọlé, lẹ́yìn tí àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ sí í tukọ̀ wá sí etíkun wa. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá fi ìwé òyìnbó hàn yín pé baba ńlá kì í jẹ isu, ẹ má gbà fún un. Àwọn tó bí wa, isu ni wọ́n jẹ kí wọ́n tó dé oko, ẹja ọ̀sà ni wọ́n sì fi jẹ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ gun òṣùwọ̀n, kí ẹ ṣírò

Ẹ wọn ara yín ní àárọ̀ kí ẹ tó jẹun. Ìwọ̀n ara yín ní kílò ni a óò fi ṣe gbogbo ìṣirò tó kù.

Ní ọjọ́ ìsinmi tàbí ọjọ́ tí ẹ kàn rìn díẹ̀, gíráàmù afáralókun 3 sí 5 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan tó. Ní ọjọ́ tí ẹ bá sá eré wákàtí kan, ẹ gbé e lọ sí 5 sí 7. Ní ọjọ́ eré gígùn, wákàtí kan sí mẹ́ta, ó lè lọ láti 6 dé 10. Fún ẹni tó wọn kílò 60, ìyẹn jẹ́ gíráàmù 180 sí 300 ní ọjọ́ ìsinmi, ó sì kéré tán 360 ní ọjọ́ eré gígùn. Ẹ ò rí i pé ìyàtọ̀ náà pọ̀. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: ìwọ̀n kan náà ni wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́, ọjọ́ ìsinmi wọn wá di ọjọ́ àjẹjù, ọjọ́ eré wọn sì di ọjọ́ ebi.

Báwo ni gíráàmù wọ̀nyí ṣe rí lórí àwo? Isu sísè gíráàmù 100 ní afáralókun tó tó gíráàmù 27. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n, tí a sè, ní nǹkan bíi 31 nínú 100. Kókò ju isu lọ díẹ̀, ànàmọ́ sì kéré sí i, ó máa ń tó 18 sí 20. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó tóbi níwọ̀n ní 27. Ọsàn kan ní bíi 15, ṣíbí ìjẹun oyin kan sì ní 17. Ẹ yá òṣùwọ̀n kékeré, ẹ fi wọn ègé isu tí ẹ máa ń jẹ lẹ́ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn náà ojú yín á ti mọ̀ ọ́n, ẹ ò ní nílò òṣùwọ̀n mọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ rí gíráàmù 360 láti inú isu nìkan, isu sísè bíi kílò kan àti ìdá kan nínú mẹ́ta kílò ni ẹ óò jẹ lọ́jọ́ kan. Kò sẹ́ni tí ìyẹn rọrùn fún. Ìdí nìyí tí èmi fi máa ń ní kí àwọn eléré da oríṣiríṣi pọ̀: isu láàárọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ọ̀sán, ìkọ́kọrẹ́ tàbí èbìrìpò tí a fi kókò ṣe lálẹ́, èso láàárín wọn, oyin nígbà eré.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ to àwo ọjọ́ lásán

Ní ọjọ́ tí kò sí eré líle, ẹja àti ẹ̀fọ́ ni ọba àwo. Ẹ ń gbé ibi tí ẹja tútù kò wọ́n bíi ti ìgboro Èkó, nítorí náà ẹ lò ó. Ní ọjà Olúwo, ẹ lè rí àrọ̀, ọ̀bọ̀kún, ẹpìyà, edé àti akàn. Ẹ sọ fún ìyá ẹlẹ́ja pé kó má gé orí dànù, nítorí ọbẹ̀ orí ẹja dára lẹ́yìn eré. Ẹja sísè gíráàmù 100 máa ń ní amáradàgbà (protein) tó tó gíráàmù 20 sí 25. Ẹni tó ń sáré ọ̀nà jíjìn nílò nǹkan bíi gíráàmù 1.2 sí 1.6 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́; ẹja lẹ́ẹ̀mejì, ẹyin méjì àti ìgbín díẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un fún ẹni tó wọn kílò 60. Kò sí ìdí láti máa ra agolo ìyẹ̀fun amáradàgbà tí wọ́n ń tà ní owó gọbọi.

Ẹran ìgbẹ́ wà ní ọjà yẹn pẹ̀lú. Ọ̀yà dára, ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra akíka. Òfin dáàbò bò ó, ó sì ń run lọ nínú igbó wa. Kò sí eré ìje kan tó tó ohun tí a ó fi pa á run.

Ẹ̀fọ́: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ewúro, wọ̀rọ̀wọ́, èyíkéyìí tí ẹ bá rí. Ẹ se é díẹ̀, ẹ má sè é di rádaràda. Epo pupa kò burú, ṣùgbọ́n ṣíbí ni kí ẹ fi wọn ún. Ẹ̀gúsí náà dára ní ọjọ́ ìsinmi. Ó ń gba àkókò kí ó tó dà nínú, nítorí náà kì í ṣe oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú eré.

Mo mọ̀ pé àwọn tó le jù nínú ìlànà yìí máa ń ní kí á má jẹ irú, nítorí pé inú irúgbìn onípódi ló ti wá. Èmi ò rí ìdí tí ọbẹ̀ fi gbọdọ̀ sunkún irú. Wọ́n ti sè é, wọ́n ti bò ó kó kan, ìwọ̀nba tí à ń fi sọ́bẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹ̀wà ńkọ́? Ẹ rẹ ẹ́, ẹ dà omi rẹ̀ nù, ẹ sè é kó rọ̀ dáadáa, kí ẹ sì jẹ ẹ́ ní ọjọ́ tí ẹ ò sáré, nítorí afẹ́fẹ́ tó máa ń kó sínú. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ kúrò pátápátá lè yọ ọ́. Ẹja á dí ipò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kí ẹ tó jáde sáré

Ìwé máa ń sọ pé kí á jẹun ní wákàtí méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú eré. Tí ẹ bá máa jáde ní aago márùn-ún ìdájí, ìyẹn túmọ̀ sí pé kí ẹ jí ní aago méjì òru. Kò bọ́ sí i. Oúnjẹ alẹ́ ni ẹ óò fi ṣiṣẹ́ náà: isu sísè tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n tó kún ìdajì àwo, ẹja díẹ̀, ọbẹ̀ ata tí epo rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ jẹ ẹ́ kí ó tó di aago mẹ́jọ.

Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹni tó fẹ́ sá kò ju wákàtí kan lọ lè mu omi kó jáde. Ẹni tó fẹ́ sá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tàbí kó lá ṣíbí oyin kan nígbà tó bá ku bí ìṣẹ́jú 15. Ẹ má jẹ ẹ̀fọ́, ẹ̀pà tàbí ẹyin díndín ní àkókò yìí. Wọ́n dára lára, àmọ́ inú á máa ru nígbà tí ẹ bá ń sá lọ.

Tí eré bá jẹ́ ti ìrọ̀lẹ́, ó rọrùn jù. Ẹ jẹ isu pẹ̀lú ẹja ní ọ̀sán, kí ẹ sì jẹ́ kó tó wákàtí mẹ́ta kí ẹ tó jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: nígbà tí ẹ bá wà lójú ọ̀nà

Ibí ni oúnjẹ baba ńlá ti nílò àtúnṣe jù, nítorí baba ńlá kankan kò sá kìlómítà 42 lórí títì ọ̀dà nínú ooru Èrèlé.

Eré tí kò tó wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15: omi tó. Láti ibẹ̀ dé wákàtí méjì ààbọ̀: gíráàmù afáralókun 30 sí 60 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Tó bá ju ìyẹn lọ, bíi ti àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ láti Ẹ̀pẹ́ gba Ìtòkín lọ sí Ìkòròdú tí wọ́n tún ń padà, ó lè dé 90, ṣùgbọ́n oríṣi ṣúgà méjì gbọ́dọ̀ pàdé nínú rẹ̀, nítorí ọ̀nà tí ìfun ń gbà gba ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé yàtọ̀. Oyin ní oríṣi méjèèjì láti ọwọ́ Ẹlẹ́dàá wá. Òun ni mo fẹ́ràn jù.

Báyìí ni kí ẹ ṣe po omi eré:

Ẹ tú píọ́ wọ́tà méjì sínú ike tó mọ́. Èyí tó jẹ́ 50cl ni mo ń wí, ẹ yẹ ara ọ̀rá rẹ̀ wò kó lè jẹ́ lítà kan gééré. Ẹ fi oyin ṣíbí ìjẹun mẹ́ta sí i. Ẹ fi iyọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tí a fi ń po tíì sí i, kí ẹ má jẹ́ kó ṣù lórí ṣíbí. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ kan lé e. Ẹ gbọ̀n ọ́n títí oyin á fi yòrò. Lítà kan yìí ní afáralókun bíi gíráàmù 50, iyọ̀ rẹ̀ sì tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn fún wákàtí kan nínú ooru. Ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀, bí ẹnu mẹ́ta mẹ́rin ní gbogbo ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi oyin kún un kọjá ṣíbí mẹ́rin sí lítà kan. Tó bá ki jù, kò ní tètè kúrò nínú ikùn, inú yín á sì máa ru.

Oyin tí wọ́n ti fi ṣúgà lú pọ̀ lọ́jà. Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀ tó ń sin oyin, tàbí ẹni tí ará ilé yín ti ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́. Tí oyin kò bá sí rárá, ẹ lo ṣúgà lásán nínú omi eré, kí ọkàn yín má dá yín lẹ́bi. Ṣúgà tí ẹ mu nígbà tí ẹsẹ̀ ń sáré, iṣan ló ń gbà á ní kíákíá. Kò dà bí èyí tí ẹ mu lórí àga.

Omi àgbọn ńkọ́? Ó dára, àgbọn sì wà nítòsí. Àmọ́ èròjà potassium ló pọ̀ nínú rẹ̀, iyọ̀ tí òógùn ń kó lọ kò tó nínú rẹ̀. Ẹ fún iyọ̀ díẹ̀ sí i tí ẹ bá fẹ́ fi sáré.

Fún àwọn tó fẹ́ jẹ nǹkan líle lójú ọ̀nà, ẹ sè ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n dáadáa, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ lé e, ẹ dì í sínú náílọ̀n kékeré tí ẹ fi sápò. Èyí dára jù fún ẹni tó gun kẹ̀kẹ́. Dàbínù náà dára: àwọn kéékèèké yẹn ní afáralókun bíi gíráàmù 5 sí 6 lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ kóró rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.

Ohun kan wà tó yẹ kí n tẹnu mọ́ nípa iyọ̀ àti omi. Ìlànà baba ńlá máa ń ní kí á dín iyọ̀ kù, èyí sì dára fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tó ń làágùn fún wákàtí mẹ́ta ní Ẹ̀pẹ́ yàtọ̀. Tó bá ń mu omi lásán lámujù láìsí iyọ̀, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ débi pé orí á máa fọ́ ọ, á máa bì, òye rẹ̀ á dàrú, ó sì lè pa á. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn eléré 488 wò níbi ìje Boston ní 2002: ìdá 13 nínú 100 wọn ni iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ jù, ohun tó sì hàn jùlọ lára wọn ni pé wọ́n ti mu omi títí tí ara wọn fi wúwo ju bó ṣe wà kí eré tó bẹ̀rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ máa gun òṣùwọ̀n kí ẹ tó sáré àti lẹ́yìn tí ẹ bá dé, láìsí aṣọ tó ti rin. Kílò kan tó bá dín jẹ́ lítà omi kan. Tó bá dín ju ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara yín lọ, ẹ mu sí i nígbà mìíràn. Tó bá lé sí i, ẹ ti mu jù.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó fi iyọ̀ kún ohunkóhun.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìgbà tí ẹ bá dé

Láàárín ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan lẹ́yìn eré gígùn, iṣan máa ń gba ṣúgà wọlé kíákíá ju ìgbàkígbà lọ. Gíráàmù 1 sí 1.2 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ wá, pẹ̀lú amáradàgbà tó tó 20 sí 25. Fún ẹni tó wọn kílò 60, ìyẹn jẹ́ afáralókun bíi gíráàmù 60 sí 70. Tí ẹ ò bá ní sáré mọ́ títí di ọjọ́ kejì, ẹ má wulẹ̀ fi ìkánjú jẹ ẹ́. Tí eré mìíràn bá wà ní ìrọ̀lẹ́, ẹ kánjú.

Oúnjẹ tí mo máa ń sọ fún gbogbo ènìyàn ni ìkọ́kọrẹ́. Mi ò rò pé oúnjẹ kan wà níbikíbi tó bá iṣẹ́ yìí mu jù ú lọ: ewùrà fún iṣan, ẹja fún àtúnṣe ara, iyọ̀ àti omi ọbẹ̀ dípò ohun tí òógùn kó lọ, ó sì rọ̀ débi pé ẹni tí ó ti rẹ̀ lè gbé e mì. Ẹ lè múra rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó jáde, kó jẹ́ pé rírin ewùrà ló kù.

Ẹ fọ ẹja gbígbẹ, ẹ yọ eegun rẹ̀. Ẹ gbé ata lílọ̀, àlùbọ́sà, irú àti edé kaná pẹ̀lú omi tó pọ̀ díẹ̀, ẹ fi epo pupa ṣíbí ìjẹun méjì sí i. Ti ọjọ́ ayẹyẹ máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ti eléré ni à ń sè. Ẹ fi ẹja tútù àti ẹja gbígbẹ sí i. Ẹ bó ewùrà, ẹ rin ín. Ẹ bu iyọ̀ sí i, ẹ pò ó títí á fi fà. Tí ọbẹ̀ bá ti hó, ẹ máa fi ọwọ́ bu ewùrà náà sínú rẹ̀ ní ṣíṣù ṣíṣù. Ẹ dé e, ẹ dín iná kù, ẹ má fọwọ́ kàn án fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 15 kí ṣíṣù rẹ̀ lè dì. Lẹ́yìn náà kí ẹ rọra rò ó, ẹ má tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹni tí ewùrà máa ń yún lọ́wọ́, kó fi epo pa ọwọ́ kó tó rin ín.

Tí kò bá sí àyè láti sè é, gàrí á ràn yín lọ́wọ́. Ẹ̀gẹ́ ni gàrí, gbòǹgbò ni, kò sì jáde nínú ìlànà yìí. Gíráàmù 100 rẹ̀ ní afáralókun tó lé ní 80, èyí tó mú kó wúlò gan-an fún ẹni tí ebi ń pa tí kò lè jẹ púpọ̀. Àmọ́ amáradàgbà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú rẹ̀. Ẹ fi omi tútù rẹ ẹ́, ẹ fi oyin sí i, kí ẹ sì fi ẹja yíyan jẹ ẹ́. Ẹ yan gàrí tó kan dáadáa, bíi ti Ìjẹ̀bú. Bíbò ẹ̀gẹ́, fífún un àti yíyan án ni wọ́n fi ń lé májèlé inú rẹ̀ lọ, ẹni tó bá kánjú ṣe é kò ṣe é tán.

Omi ńkọ́? Fún kílò kan tó dín, ẹ mu lítà kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin sí lítà kan ààbọ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan, pẹ̀lú oúnjẹ tó ní iyọ̀.

Àwọn tó nílò àfiyèsí

Àwọn obìnrin. Èròjà irin nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń tètè lọ sílẹ̀ lára obìnrin tó ń sáré, nítorí nǹkan oṣù àti eré fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ ìgbín, ẹ̀dọ̀ àti ẹran pupa lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹ fi ọsàn lé e, ẹ má sì mu tíì nídìí oúnjẹ nítorí ó ń dí irin lọ́nà. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù: tí nǹkan oṣù yín bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìlànà yìí, tí kì í sì í ṣe oyún, oúnjẹ yín kò tó eré yín ni. Egungun lè bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ẹ fi isu kún un, ẹ dín eré kù, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àmì pé ara yín ti le ni.

Nítorí pé wàrà ti kúrò, ẹ jẹ edé àti ẹja kéékèèké tí a lè jẹ teegunteegun, kí egungun yín má ṣàìní kálísíọ̀mù. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí àrùn kíndìnrín kò gbọ́dọ̀ lo ìwọ̀n tí mo kọ síhìn-ín láìjẹ́ pé ilé ìwòsàn tọ́ ọ sọ́nà.

Ààwẹ̀ Ramadan. Mùsùlùmí pọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ìbéèrè yìí sì máa ń wá. Ẹ gbé eré gígùn dúró nínú oṣù náà, ẹ fi eré kúkúrú dípò rẹ̀. Ìgbà tó rọrùn jù láti sáré ni ìṣẹ́jú 40 tó ṣáájú ìṣínu, kí omi àti dàbínù lè tẹ̀ lé e kíá, tàbí lẹ́yìn àṣàmù. Ní sààrì, isu, ẹyin àti omi tó ní iyọ̀ díẹ̀ máa ń dúró pẹ́ nínú ju ògì lọ.

Ọ̀sẹ̀ ìje

Má dán ohun tuntun wò. Ohun tí ikùn kò bá mọ̀, kò gbọ́dọ̀ kọ́ ọ lọ́jọ́ ìje. Ó kéré tán oṣù kan àti ààbọ̀ ṣáájú ni ẹ ti gbọ́dọ̀ máa mu omi oyin yìí nínú gbogbo eré gígùn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti gíráàmù 30 ní wákàtí kan, kí ẹ sì máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ìfun máa ń kọ́ bó ṣe ń gba ṣúgà bí ẹsẹ̀ ṣe ń kọ́ eré.

Ní ọjọ́ méjì tó kẹ́yìn, ẹ gbé afáralókun lọ sí gíráàmù 10 sí 12 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan, ẹ sì dín ẹ̀fọ́, ẹ̀pà àti epo kù kí ikùn lè fúyẹ́. Gíráàmù 600 fún ẹni tó wọn kílò 60 kò ṣeé rí nínú isu àti ẹ̀fọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, gàrí, oyin àti omi ọsàn ni ẹ óò fi kún un. Tó bá ṣì ṣòro, ẹ jẹ ìrẹsì funfun ní ọjọ́ méjì yẹn. Mo mọ̀ pé àwọn kan á bínú sí mi fún ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi oṣù mẹ́rin jẹ ẹja, isu àti ẹ̀fọ́ kò ba nǹkan kan jẹ́ tó bá fi àwo ìrẹsì díẹ̀ kún iṣan rẹ̀ kó tó sá kìlómítà 42.

Ẹ má gbìyànjú láti ti Ẹ̀pẹ́ lọ ní àárọ̀ ìje. Ẹ lọ sun ní Sùúrùlérè tàbí Yábàá ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ gbé oúnjẹ yín dání: isu tí ẹ ti sè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ike oyin kékeré, iyọ̀ tí ẹ ti wọ̀n sínú náílọ̀n. Ní aago mẹ́ta ààbọ̀ òru ọjọ́ ìje, ẹ jẹ isu bíi gíráàmù 300 pẹ̀lú ẹyin sísè kan àti iyọ̀. Ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú eré, ṣíbí oyin kan àti omi ẹnu mélòó kan.

Ẹ tọ́jú oúnjẹ mìíràn pamọ́ sọ́wọ́ ẹni tó máa pàdé yín ní Eko Atlantic: gàrí nínú ike tó ní ìdérí, ẹja yíyan tí ẹ ti yọ eegun rẹ̀, ọsàn mẹ́ta, omi oyin lítà kan. Ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ lè gba wákàtí púpọ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti jẹun kí ọkọ̀ tó kọjá Àjáh.